Lọ́fínńdà Ìyá Ìyàwó Mi

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ lọ́fínńdà mú kí ọmọ mi kọ ọmú nílé wa ní Ìlàrè. Ìyá ìyàwó mi ló gbé e wá láti Ìpetumodù, tó fọ́n ọn sí ìyàwó mi láyà nítorí àlejò. Láti òwúrọ̀ ni ìkókó ti ń sunkún, tó ń yíjú kúrò lára ọmú. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún wa pé òórùn ara ìyá wà lára ohun tí ọmọ fi ń mọ ọmú. Ṣùgbọ́n ta ló tó àna ẹ̀ ẹ́ bá wí? Mo bá kọjú sí ìkókó:

"Ọmọ mi, ṣé lọ́fínńdà yìí ni kò jẹ́ kó o dá ìyá rẹ mọ̀?"

"Ọkọ mi," ni màmá wí, "ìkókó lò ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí èmi?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fomi lásán nu ìyàwó mi láyà. Kò pẹ́, ọmọ gbá ọmú mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wá lọ́fínńdà tèmi tì. Màmá ti kó o pamọ́ pẹ̀lú ìpara mi: "Ṣebí ìwọ náà ń gbé ọmọ sáyà?"

Òrí ìkókó ni mo fi para lọ sí yunifásítì. Akọ̀wé wa gbóòórùn mi, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ, sà. Àbí ẹ̀yin lẹ bí i ni?"