Ẹni Tí Màmá Àgbà Kò Dìde Fún

Bí mo bá ti ń fi àdí ra orúnkún báyìí, òórùn rẹ̀ á gbé mi padà sẹ́yìn ilé wa ní Alápẹ̀rẹ̀, níbi tí Màmá Àgbà ti máa ń jókòó sórí àpótí tu koríko ìdí ẹ̀fọ́.

Awọ́nríwọ́n kan ń gbé lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Màmá kì í lé e. Wọ́n ní ó ń bá àwọn jẹ ìgbín tó ń ba ẹ̀fọ́ jẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni alága àdúgbò wọlé. Agbára ọkùnrin yìí kò ju géètì òpópónà wa lọ, síbẹ̀ bàtà funfun ló wọ̀ wá sínú ẹrẹ̀, tó gbé fóònù sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Ó ní dandan ni kí wọ́n pa ẹran burúkú yẹn. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni awọ́nríwọ́n ti wọ́ kọjá. Alága fò sórí búlọ́ọ̀kù.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni Màmá wí. "Kì í jẹ ìjẹkújẹ."

Inú bí i. "Màmá, mo ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ jókòó bí ọba! Ẹ ò lè dìde ni?"

Màmá wo bàtà rẹ̀, wọ́n pòṣé. "Ta ni kí n dìde fún? Ìwọ?"

Inú mi dùn dé góńgó. Bó ṣe ń bínú jáde, mo na ọwọ́ sí Màmá.

"Dúró ná," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó yà ní kọ́nà kó o tó fà mí dìde."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà lórí àpótí yẹn, tí wọ́n ń retí kí n ti ilé ìwé dé.