Òdo Láàárín Èdè Méjì

Fúnra mi ni mo kọ́ C, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nínú ìwé àlòkù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ní yàrá ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu. Mo fi kọ ètò kan tó ń ṣírò èsì ìdánwò. Obìnrin tó ni ilé-ìwé kan ní Ìkòsì, Mummy ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, wò ó, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n àwọn tíṣà wọn ń fẹ́ èyí tó ní bọ́tìnì tí wọ́n lè tẹ̀. Kí n tún un kọ. Bó bá ṣiṣẹ́ lójú wọn, wọ́n á gbà mí ní tíṣà kọ̀ǹpútà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn táyà jíjò tí mo máa lẹ̀ ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Alápẹ̀rẹ̀.

Visual Basic, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ni mo fi tún un kọ. Níbi tí C ti ń lo àmì &&, mo fi And, ìyẹn "àti", síbẹ̀: bí iye iṣẹ́ tí ọmọ ṣe ìdánwò rẹ̀ bá ju òdo lọ, tí a bá sì fi iye náà pín àpapọ̀ máàkì rẹ̀, tí èsì rẹ̀ sì tó àádọ́ta, ó yege.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ, àwọn tíṣà dúró sẹ́yìn mi. Orúkọ kìíní kọjá, ìkejì kọjá. Bí a ṣe kan ọmọ kan tó ṣàìsàn, tí kò ṣe ìdánwò kankan, ètò náà dákú. Overflow ló kọ sójú kọ̀ǹpútà, pé nǹkan kún àkúnwọ́sílẹ̀. Kí ló lè kún nínú òdo?

Ibi tí mo ti ń rò ó ni iná ti lọ. UPS abẹ́ tábìlì, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ọmọ yẹn ti kó àìsàn ran kọ̀ǹpútà," tíṣà kan wí.

Mummy kò rẹ́rìn-ín. "Èyí àkọ́kọ́ ṣáà ń ṣiṣẹ́. Kí lo bà jẹ́ níbẹ̀?"

"Mi ò yí nǹkan kan padà, Mà. Ohun tí mo kọ níjọ́sí náà ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rí i. Bí o bá rán C lọ kí baba kan, tí wọ́n sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé baba ò sí nílé, á padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Visual Basic á gbọ́ pé baba ò sí, á sì tún wọ yàrá lọ kí wọn. C rí i pé iye iṣẹ́ kò ju òdo lọ, kò dé ìdí pípín rárá. Visual Basic fẹ́ yẹ méjèèjì wò kó tó dáhùn, ó bá lọ fi òdo pín òdo.

Igbe UPS ti ń yára sí i. Mo gé gbólóhùn If, ìyẹn "bí", kan náà sí méjì, mo ti ìkejì bọ inú ìkíní, kó má lè dé ìdí pípín àfi bí ìkíní bá jẹ́ òótọ́; bí kò bá jẹ́ òótọ́, kó kọ ọ́ pé ọmọ náà kò ṣe ìdánwò. Mo tẹ Save láti fi í pamọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Mẹ́gáàdì lọ tan jẹnẹrétọ̀, mo sì tún tan kọ̀ǹpútà. Mummy ní kí n dìde lórí àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì fúnra wọn tẹ orúkọ ọmọ náà.

"Kò ṣe ìdánwò," ni ètò náà kọ síwájú rẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún tẹ òmíràn, títí kíláàsì náà fi parí, wọn ò wojú mi.

"Kẹ́ ẹ ti dé kí àsẹ́ńbílì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, Uncle," wọ́n ní.