Ẹ̀wà Tí Oòrùn Sè

Nígbà Rẹfolusiọn, tí àwọn ológun gbàjọba, tí gbogbo wa sì ń pe ara wa ní kamaradi, kò sí ohun tí a kì í torí rẹ̀ ṣe ìpàdé ní Dasa. Adìẹ sọnù, ìpàdé. Ọdún kan wá tí òjò pẹ́ jù, àwọn àgbà ní igi tí a ń gé lórí òkè ló fà á. Dẹlẹgé, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí wa, ní kí àwa ọ̀dọ́ jiyàn lé e lórí: ṣé ká máa gégi lọ ni, àbí ká máa fi oòrùn se oúnjẹ? Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tó bá borí ni yóò di òfin, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ dáadáa jù yóò lọ tún un sọ ní Kutọnu létí òkun.

Mi ò rí òkun rí, mo sì fẹ́ rí i bí ẹ̀mí mi. Mo yan oòrùn, nítorí dẹlẹgé fẹ́ràn ohun tuntun. Gàrí ni ìyá mi ń yan tà, igi òkè yẹn ló sì fi ń dáná. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ojúkòkòrò ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé ìkòkò ẹ̀wà sórí àpáta tí a ń sá ẹ̀gẹ́ sí lẹ́yìn ilé wa. Mo fi dígí tí ìyá mi gbé wá sílé ọkọ da oòrùn sí i lára. Mo ní tí a bá jiyàn tán, kí gbogbo ìlú wá jẹun.

Ọmọkùnrin kan láti Gbafo ló kojú mi. Ó ní, "Kamaradi, tójò bá ń rọ̀ ńkọ́? Ṣé ká máa gbààwẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kamaradi, jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ ná!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wá bọ́ sí Faransé, àwọn tí kò gbọ́ ọ ló pàtẹ́wọ́ jù. Ìyá mi ti dìde jáde ní tirẹ̀. Mo rò pé inú ló ń bí i.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wa gun àpáta. Mo ṣí ìkòkò: ẹ̀wà ti jinná, ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Dẹlẹgé jẹ abọ́ méjì, ó nu ẹnu, ó fòfin de igi gígé lójú ẹsẹ̀, ó sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún Kutọnu.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń fọ ìkòkò.

Ó ní, "Ẹ̀wà rẹ le bí òkúta nígbà tí mo lọ wò ó. Mo gbé e wá sórí ààrò, mo koná mọ́ ọn, mo sì gbé e padà."

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa fòfin de igi?"

"Mo mọ̀. Ṣé kí n wá jókòó, kí gbogbo Dasa máa fi ọmọ mi ṣẹ̀sín?"

Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ jẹ́wọ́ fún dẹlẹgé.

Ó ní, "Abájọ tó ń run èéfín. Mo rò pé bí oúnjẹ oòrùn ṣe ń rùn nìyẹn."

Ó fagi lé òfin, ó sì fagi lé orúkọ mi. Ó ní kí ẹni tó bá gé igi kan gbin méjì. Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbìn.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó rí òkun, ìyá mi ni mo sì mú lọ. Ó wo etí omi lọ sọ́tùn-ún, ó wò ó lọ sósì.

Ó ní, "Ó tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ń ṣẹ́gi?"