Lẹ́tà Méjì Tí Ọkọ Mi Tọ́jú

Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ ọkọ mi kì í jẹ́ kí n lè fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Alálẹ́tà-Méjì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà méjì tí yóò máa parí àdírẹ́sì ibẹ̀. Ìjọba wa ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ọkọ mi ló tọrọ tiwa, wọ́n sì fún un. Kò sí òǹtẹ̀, kò sí ayẹyẹ; ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n kọ sí i pé kó máa tọ́jú ẹ̀. Nínú yàrá kótópó kan ní yunifásítì, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lọ̀rọ̀ òun àti kọ̀ǹpútà yẹn.

Ó fún ilé wa náà ní àdírẹ́sì tí a ó fi máa gba ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà méjì yẹn ló parí ẹ̀. Òun ni ọmọbìnrin wa mọ̀ sórí lọ́jọ́ tí a lé e jáde nítorí ọkùnrin tó fẹ́. Wọ́n ní bí a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Àwa ò rántí tòsì. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Tí inú mi bá rọ̀, màá kọ̀wé."

Kò pẹ́, orílẹ̀-èdè pín sí méjì. Ilé wa bọ́ sí apá kejì, a kó kúrò, nọ́ńbà fóònù wa yí padà. Apá kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà tuntun. Àwọn tó ń pín lẹ́tà ní kí ọkọ mi pa ti àtijọ́ rẹ́. Ọkọ mi kó gbogbo èèyàn lọ sí ti tuntun, ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn, títí kan oníbúrẹ́dì. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ló ń kọ̀wé sí wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ò tíì kó tán." Irọ́ gbuu! Ọdún márùn-ún ló fi pa á, ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí n purọ́ fún àlejò pé mi ò sí nílé.

Ọ̀gá tuntun níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ ìwé wò, tó rí i pé àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló kù lórí ti àtijọ́.

"Ta ló ni èyí, ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọkọ mi fi pa á rẹ́. Ó délé, ó jókòó láìbọ́ bàtà. "Ìyá ọmọ mi, mo ti pa á."

Mo ní, "Ṣé kí n wá pàtẹ́wọ́ fún yín ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí dòní.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọ̀rẹ́ ọmọ wa kan wá kí wa. Ó ní òun àti ọmọ wa ṣe kòńgẹ́ ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn ọmọ wa. Ọmọ wa ti kọ̀wé sí wa lóṣù tó kọjá, ni ẹ̀rọ bá dá a padà pé kò sí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fún wa ní nọ́ńbà ẹ̀," ni mo wí.

"Ó kọ̀, mà. Ó ní òun ti gba èsì yín."

Ọkọ mi bi í bóyá ọkùnrin ni ọmọ náà tàbí obìnrin. Ó ní òun ò ráyè béèrè.