Àmì Pupa Lẹ́yìn Tẹlifíṣọ̀n Wolé-wolé

Ológbò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà sì ń dáhùn. Kò sí òrùlé tí kò tíì gùn. Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta, yóò wọ ṣòkòtò, yóò so àpò irinṣẹ́ mọ́ ìbàdí, yóò sì máa rìn lórí páànù bí ẹni ń rìn nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ wáyà bíi tiẹ̀ á dúró sílẹ̀, wọ́n á di àkàbà mú, wọ́n á ní àwọn ń ṣọ́ ọ. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí kò dùn mọ́ nínú: ìyá tó bí i. Láti ọjọ́ tí Ológbò ti fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀, tó ní wáyà lòun fẹ́ kọ́, ni ìyá ti ń bi í bóyá iṣẹ́ ti tán lórí ilẹ̀ ni. Ó lé ní ogún ọdún, ìbéèrè yẹn kò tíì gbó.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Ológbò obìnrin ni ìyá ń gbé nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí, wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń yẹ ìkòkò omi olómi wò. Wọ́n ní kó lọ sinmi, ara rẹ̀ sinmi, ojú rẹ̀ kọ̀. Títí di òní, ìka rẹ̀ á máa rìn lórí fèrèsé, lórí àga, ó ń wá eruku. Tó bá rí i, inú rẹ̀ á dùn ju ẹni tó rí ọ̀rẹ́ lọ.

Ọmọ Ológbò obìnrin, àkọ́bí rẹ̀, ló wá ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà nílùú. Wọ́n ní kó máa ka ìròyìn ní aago mẹ́rin ọ̀sán lójoojúmọ́, bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé. Nígbà tí ìyá gbọ́, ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi èjìká jó lórí ìjókòó. Òun ló tọ́ ọmọ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń gun òrùlé kiri. Ó ní bí òun bá fẹ́ kú, òun á dúró di Sátidé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àǹtẹ́nà nìkan ló ń gbé ilé-iṣẹ́ kékeré yẹn, Wolé-wolé sì ti yọ àǹtẹ́nà dànù nígbà tó gbé díìṣì sórí òrùlé. Páìpù kan ṣoṣo ló wà nínú ògiri, tín-ín-rín báyìí, wáyà díìṣì sì ti kún un. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n lu ihò míràn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun pálọ̀ ni, funfun báláú. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lu ihò, kó kọ́kọ́ lu iwájú orí òun. Wọ́n ní ṣé kí wọ́n máa yọ wáyà kan fi èkejì sí ni. Ó ní bọ́ọ̀lù tí òun ń wò lórí díìṣì kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń bọ́ tí wọ́n ń wọ̀.

Ológbò fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní wáyà kan ti tó. Àpótí irin kékeré kan wà, kò ju páálí ìṣáná lọ, ẹnu mẹ́ta ló ní. Wọ́n á fi ọ̀kan sókè: díìṣì á gba ẹnu kan wọlé, àǹtẹ́nà á gba èkejì, àwọn méjèèjì á jọ gba wáyà kan náà sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò ní kọlu ara wọn, torí ohùn ọ̀kan lọ sókè, ohùn èkejì wà nílẹ̀. Irú àpótí yẹn kan á tún wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tí yóò yà wọ́n, kí díìṣì lọ sí dẹkóda, kí àǹtẹ́nà lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Wolé-wolé gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí díìṣì òun bá fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, àǹtẹ́nà á sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì ní padà gòkè mọ́ láyé.

Ní Sátidé, aago méjì ni Ológbò dé. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́nu àpótí, ojú rẹ̀ kì í ká wọn mọ́, nítorí náà kutẹ́ẹ̀sì pupa ló fi ń ṣe àmì. Ó kùn ún sí ẹnu tó jẹ́ ti díìṣì, ó kùn ún sórí wáyà dẹkóda. Pupa á wọ pupa, ó tán. Ó gun òrùlé lọ, ó ri òpó àǹtẹ́nà mọ́lẹ̀, ó so ti òkè pọ̀, ó ń kọrin lábẹ́ imú.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ó tan díìṣì. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Ó yí i sí àǹtẹ́nà. Eérú ló ń fò níbẹ̀.

Wolé-wolé ká apá lé àyà. "Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?"

"Bọ̀dá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, torí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ibẹ̀. Ó sáré padà sókè. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un so, kò rí àléébù kankan. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ro ti ìyá tó ti wẹ̀ láti òwúrọ̀, tó ti wé gèlè sílé bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó nítorí ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n. Ó mú ọ̀bẹ jáde. Yóò gé díìṣì kúrò, yóò so àǹtẹ́nà nìkan mọ́ wáyà. Ìyá á rí ọmọ lónìí. Kò sì ní rí i mọ́ lọ́la.

Bó ṣe gbé ọ̀bẹ lé wáyà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké sí i láti àgbàlá. Ó ní ìyá ní kó máa bọ̀ kíákíá, pé ibi tó ń wò kọ́ ló ń dun ẹni.

Ìyá wà lórí àga rẹ̀, ó gbé ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀. "Pupa tí o fi kun ẹnu nǹkan yìí," ó ní, "ṣé oge lo fi ṣe fún un ni, àbí ó níṣẹ́ tó ń ṣe?"

"Ó níṣẹ́, Ìyá. Òun ni mo fi mọ ibi tí wáyà ń wọ̀."

"Á á. Bi àna mi léèrè ibi tó gbé e sí."

Gbogbo wọn yíjú sí Wolé-wolé. Ojú rẹ̀ lọ sórí ògiri funfun, ó padà wálẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun rí ìdọ̀tí pupa lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n nígbà tí òun ń nu ibẹ̀, tí Ológbò wà lórí òrùlé, òun sì fi bíléèdì họ ọ́ kúrò. Kó lè mọ́ dáadáa, òun yọ wáyà méjèèjì. Ibi tí òun wá dá wọn padà sí ńkọ́? Ó ní dẹkóda ló ṣe pàtàkì jù, òun fi í sí ọwọ́ ọ̀tún.

"Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi wá ìdọ̀tí, àna mi," ni ìyá wí. "Èyí tí kì í ṣe ìdọ̀tí lẹ wá rí mú lónìí. Ẹ rò pé mo ń sùn. Òsì ni pupa wà."

Ológbò wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n lọ, ó pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Dẹkóda tún rí ọ̀nà rán iná rẹ̀ sí díìṣì, agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlélógún ló yọ síta, wọ́n gbé ìkejìlélógún sórí ibùsùn aláìsàn. Wolé-wolé mí kanlẹ̀. Ológbò kò dúró wò wọ́n, ó yí i sí àǹtẹ́nà. Ọmọ náà nìyẹn, aṣọ aláwọ̀ ewé lọ́rùn, ìwé lọ́wọ́, ó ń kí gbogbo ayé káàsán.

"Káàsán, ọmọ mi," ni ìyá dá a lóhùn. Ó sún mọ́ etí àga. Ó ní ó ti rù, pé ta ló ń gbé oúnjẹ fún un níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ dánu dúró díẹ̀ kó tó pe orúkọ kan, ìyá bá a pè é. Wolé-wolé tó ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe aṣọ, òun ló ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó dákẹ́, kí òun gbọ́ ìròyìn. Ológbò jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú òógùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Nígbà tí ìròyìn parí, ìyá bi Ológbò pé ṣé òun nìkan ló mọ iṣẹ́ yìí láàárín àwọn tó ń di àkàbà mú yẹn. Ológbò ní àwọn kan mọ̀ ọ́n díẹ̀.

"Díẹ̀ náà ni," ni ìyá wí. "Gbé kutẹ́ẹ̀sì yẹn wá."

Wọ́n tú àpótí wá síwájú rẹ̀, wáyà rẹ̀ ń fà tẹ̀lé e. Ìyá kun ẹnu òsì fúnra rẹ̀, ó kun wáyà, ó kun èékánná àtàǹpàkò ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kán kan já bọ́ sórí tábìlì Wolé-wolé, pupa fòò. Ó rí i. Ìka rẹ̀ gbéra. Ìyá gbójú sókè wò ó, ìka náà sì rọra padà sínú àpò.