Ààfin Àwọn Ọba Gẹ̀ẹ́sì àti Tiwa

Mo rántí ìgbà tí mo padà sílé ìwé ní Dallas, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń di ìyá ìyàwó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Irving, Mesquite ni mò ń gbé, orí freeway ni mo sì ti ń jẹun àárọ̀. Kí n tó lè gba dìgírì mi, wọ́n ní dandan ni kí n ṣe kíláàsì ìtàn kan. Olùkọ́ wa, ìyá òyìnbó kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kí n kọ ohun tó gbẹ̀yìn ààfin àwọn ọba Anglo-Saxon, àwọn tó jọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Bàbá bàbá mi jọba, mo sì ti sọ fún gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọmọọba ni mí, bí ẹni pé wọ́n á torí ẹ̀ dín iṣẹ́ mi kù.

Igi ni wọ́n fi kọ́ àwọn ààfin náà. Ọba kì í jókòó sójú kan. Àwọn ará àdúgbò á gbé oúnjẹ wá fún un, tí oúnjẹ bá tán, á ṣí lọ sí ààfin mìíràn. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọn kan ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí kì í gbéyàwó kó wọbẹ̀. Àwọn kan di ìlú. Àwọn mìíràn, ọba kàn dẹ́kun wíwá ni, òpó jẹrà, àgbẹ̀ sì kọ ebè sórí ibi tí ìtẹ́ wà, títí kò fi sẹ́ni tó mọ ibẹ̀ mọ́. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá lóòótọ́. Mo fi ìgbéraga parí ìwé mi: mo ní irú èèyàn wo ni kò ní mọ ibi tí ọba rẹ̀ sùn sí?

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń gbé ìwé náà lọ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa tí mò ń pè ní Bàbá, pè láti ilé. Ní ìlú wa, ìdílé mẹ́ta ló ń jọba ní ìyípo, ọba tuntun sì máa ń kọ́ ààfin rẹ̀ sí agbo ilé tirẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá bàbá mi ti wàjà ni ààfin tiwa ti ń wó. Koríko ti bo àgbàlá tí wọ́n sin bàbá mi sí.

“Ọmọọba, ṣọ́ọ̀ṣì kan fẹ́ wó ààfin, wọ́n á kọ́lé síbẹ̀. Gbogbo ojúlé ti sọ tiwọn. Ó ku ojúlé bàbá rẹ, ìwọ nìkan ló sì bí. Kí lo wí?”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà nílé. Ohun tí ẹ bá ṣe náà ni mo fọwọ́ sí, sà. Mò ń drive ni, ẹ jẹ́ n pè yín padà.”

Ó tún bi mí pé, “O ò ní nǹkan kan sọ sí i?”

“Kò sí, sà. Ẹ má bínú, mo ti dé exit mi.”

Ó ṣàdúrà fún mi, ó sì dágbére. Mo rò pé mo bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Mo gbà pé wọn á yẹra fún sàréè bàbá mi. Mi ò béèrè. Mo gba A nínú iṣẹ́ náà, mo fi han gbogbo ẹni tó dúró. Nígbà tí mo máa pe Bàbá padà, katakata ti wó ògiri tó gbẹ̀yìn.

Ọdún kejì, Bàbá kú. Nígbà tí mo lọ sin ín, ọmọbìnrin rẹ̀ ló sọ fún mi pé ní ìdílé wa, bí ojúlé kan ṣoṣo bá kọ̀, ọ̀rọ̀ náà parí nìyẹn. Olórí ẹbí kò gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, ṣùgbọ́n Bàbá kò fẹ́ kí ààfin lọ. “Ó ní ọmọ àbúrò òun tó kàwé ló máa kọ̀ ọ́. Ó tilẹ̀ dé fìlà kó tó pè ọ́.” Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Bàbá sọ àbọ̀ tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́ àga àwọn akọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ni bàbá mi wà báyìí. Ó ń dùn mí, kò sì tíì tán.

Duncanville, lẹ́bàá Dallas náà, la wà báyìí. Bí ọmọ mi bá wo ojú mi tó ní “No, Mom,” ọkọ mi á ní àfojúdi ni, kí n bá a wí. Mi ò lè bá a wí mọ́. Ńṣe ni mo máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, kí n fa àga, kí n bi í pé kí ló rí tó fi kọ̀.