Ẹni Tó Ń Bá Ọmọ Idà Ké

Ọmọ Idà ni àwọn ará àdúgbò ń pe obìnrin kan, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé wọ́n ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀fẹ̀ kọ́. Ọmọ Idà ni ọmọkùnrin ọlọ́dún méjìlá kan nínú kátúùnù ilẹ̀ Jàpáànù tí wọ́n ń tú sí èdè wa, obìnrin yìí ló sì ń fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún un láti ọjọ́ tí kátúùnù náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń yanu pé, "Obìnrin ni, ó wá ń ṣe ohùn ọkùnrin?" Kò sí ìyanu níbẹ̀. Ohùn ọmọkùnrin gidi á yí padà di ti géńdé láàárín ọdún méjì, kátúùnù á sì máa lọ fún ọdún mẹ́wàá. Ohùn obìnrin ló ń dúró. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà nìyẹn, títí di ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ sọ yìí.

Ibùdókọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ló ń kéde ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra. Agbohùnsílẹ̀ sítúdíò kan, tí wọ́n ń pè ní Olétí, ń dúró de ọkọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó lọ, kò wọ̀ ọ́. Ó yọjú sí fèrèsé akéde.

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ pé ọkọ̀ ti lọ."

"Ọkọ̀ ti lọ, bàbá. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ohùn yín ni mò ń gbọ́."

Bó ṣe dé sítúdíò nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá kọjá. Àwọn tó ni kátúùnù náà wá sọ ọ́ di géèmù. Nínú géèmù yìí, ẹni tó ń gbá a ló máa di Ọmọ Idà fúnra rẹ̀: á rìn, á fò, á fi idà jà, agbára rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i bó bá ti ń ṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé iṣẹ́ náà fún obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Igbe ló pọ̀, ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀. Igbe ẹni tí idà kàn fẹ́rẹ́, igbe ẹni tí idà wọ̀ lára, igbe fífò, igbe bíbalẹ̀, igbe iná, igbe omi, igbe ẹni tó já láti orí àpáta, igbe ikú oríṣi ogún. Nínú kátúùnù, Ọmọ Idà á ṣubú lẹ́ẹ̀kan, á dìde, ó parí. Nínú géèmù, iye ìgbà tí ẹni tó ń gbá a bá ṣi bọ́tìnì tẹ̀ ni yóò ṣubú.

Ohùn rẹ̀ sì ti ń ha kí iṣẹ́ náà tó dé. Ẹ̀rù bà á. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nílé kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè sinmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìsinmi nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dà bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀: kò rìn, kò sì jókòó, bàtà ló ń jẹ.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?" dókítà tó lọ rí bi í.

"Èmi náà ni mo fún ara mi lóògùn."

"Májèlé lẹ fún ara yín. Ẹran kéékèèké méjì ti hù sí ọ̀nà ọ̀fun yín, ọ̀kan ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ dákẹ́ fún oṣù méjì. Dídákẹ́ ni mo wí o. Bẹ́ ẹ bá pariwo báyìí, ohùn yẹn lè lọ kó má padà mọ́."

"Iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Iṣẹ́ kí ni?"

"Igbe kíké."

Dókítà wò ó títí, bí ẹni tó ń retí kó rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní sítúdíò. Ohùn tó bá wà nínú géèmù náà ni wọn yóò lò fún kátúùnù tuntun tó ń bọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dúró de òun fún oṣù méjì ti fi Ọmọ Idà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nílé, ó dákẹ́ wàyí. Ìwé ló fi ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀, aránṣọ tí kò lè kàwé láìsí awò lójú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó fi táwẹ̀lì borí lórí omi gbígbóná, ó ń fa ooru rẹ̀ símú, ó sì na ìwé kan síta.

"Kí lo tún kọ? Dúró kí n wá awò mi." Ẹ̀gbọ́n wá a lábẹ́ aṣọ, ó wá a lórí ẹ̀rọ, orí ara rẹ̀ ló ti bá a. "'Ìkòkò ń jóná.' Yéè! O ò lè lu tábìlì? Ọmọ Idà tó ń pa ẹranko olórí méje, kò lè pa iná ìdáná!"

Àwọn méjèèjì mì tìtì fún ẹ̀rín, ọ̀kan pẹ̀lú ohùn, ìkejì láìsí ohùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n jókòó tì í. "Àbúrò mi, sọ fún wọn."

Ó kọ ọ́ pé: Bí mo bá sọ, ó parí.

"Bí o ò bá sọ ńkọ́?"

Ó tún fa táwẹ̀lì borí.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yìí: ọ̀rọ̀ ni a kọ́kọ́ ń gbà, igbe ló ń kẹ́yìn, nítorí igbe á ba ọ̀fun jẹ́ fún ọ̀rọ̀. Wọ́n gba gbogbo ọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àfi ẹyọ kan: "Mo ṣì wà níbí." Ohun tí Ọmọ Idà máa ń sọ nìyẹn bó bá kú tán tó tún dìde. Olùdarí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í jókòó, ní kó sọ ọ́. Obìnrin náà kọ̀. Ó ní ẹni tó ti kú nígbà ogún kò gbọdọ̀ dìde pẹ̀lú ohùn tútù, kí wọ́n jẹ́ kí òun ké gbogbo igbe tán ná. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́ràn jù, ó sì fi í sẹ́yìn bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sẹ́yìn oúnjẹ. Àṣìṣe ńlá ni.

Láti ọjọ́rú ni obìnrin kékeré kan ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sítúdíò pẹ̀lú ìgò omi. Ó kí i pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ohùn yín ni mo gbọ́ dàgbà." Obìnrin àgbà náà rò pé àlejò ẹnì kan ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ku ikú mẹ́sàn-án, àpáta, àti ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn ikú kẹfà, Olétí ti ẹ̀rọ tí olùdarí fi ń gbọ́ pa, ó bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ létí.

"Àbúrò, ohùn yẹn ti ya. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń gbọ́. Jẹ́ kí n sọ pé ẹ̀rọ mi bàjẹ́."

Ó mi orí. Ìka mẹ́ta ló nà sókè: ó ku mẹ́ta.

Ó kú ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó mu omi. Lẹ́yìn náà ó di ògiri mú, ó sì já láti orí àpáta. Igbe náà gùn, ó ga, ó sì fọ́ lópin bí abọ́. Olétí yọ ẹ̀rọ létí, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ó dáa!" ni olùdarí wí. "Màmá, ó dáa gan-an! Ó ku ẹyọ kan."

Obìnrin náà la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún un là. Afẹ́fẹ́. Ó fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀ bí ẹni ń lu rédíò tó dákẹ́. Ó bu omi mu, ó dà á sí aṣọ. Afẹ́fẹ́.

Ó fa ìwé yọ: Ẹ fún mi ní wákàtí kan.

Olùdarí wo aago.

Ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀: Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo ti ní kí ẹnì kan máa dúró, nítorí àìmọ̀."

Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé nítorí òun ni àlejò ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ṣe ń jókòó. Ó lọ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dí i. Kò sí ẹni tó tì í. Nígbà tí obìnrin kékeré náà dé, tó sì rí i bẹ́ẹ̀, ó fà sẹ́yìn. "Mi ò lè ṣe é níwájú màmá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè ṣe é."

Ọwọ́ obìnrin náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó di ọmọ náà léjìká mú, ó mú un wọlé, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọmọ náà sórí àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú makirofóònù.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ náà sọ ọ́. Ó dáa. Ohun tó dun obìnrin yìí jù nìyẹn.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ra áyọ́ọ̀nù ní ilé ìtajà ẹ̀rọ. Ohùn tó padà wá kò ju bí ìgbà tí a ń wọ́ ìkòkò lórí símẹ́ǹtì. Ọkùnrin kan tó so táì, tó sanra, ń gbá géèmù náà lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá ibẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n gbá rárá. Ó dé orí àpáta, ó ṣi bọ́tìnì tẹ̀, Ọmọ Idà já.

Igbe gígùn yẹn gba gbogbo ilé ìtajà. Lẹ́yìn náà ni ohùn ẹlòmíràn sọ pé: "Mo ṣì wà níbí."

Ẹ̀gbọ́n kò lè gbà á. "Háà, bọ̀dá! Ọ̀gbun wà níwájú yín, ẹ tún ń sáré. Ẹ ò lójú ni? Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi!"

Àbúrò rẹ̀ fà á láṣọ, ó na ìwé kan sí i. Ẹ̀gbọ́n tú àpò, kò rí awò. Ọkùnrin táì náà ló bá a kà á.

"Ẹ jẹ́ kó ṣubú," ó kà á. "Kí ló dé tí ẹ fi ní kí n jẹ́ kó ṣubú, màmá?"

Àbúrò tọ́ka sí orí àpáta lójú tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń dúró de igbe ara rẹ̀.